Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò àti Abíọ́nà Ọlọ́nà

Àwẹ̀ró ará Gbérókè kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n tó bá ti ru ẹrù ìkòkò, ẹ̀ka igi ló ń yà fún un. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ló jogún. Òun ló ń wa amọ̀, òun ló ń pò ó, òun ló ń mọ ọ́n, òun náà ló sì ń rù ú lọ sí ọjà ìsàlẹ̀ òkè. Ẹ má rò pé ẹrù ìkòkò rí bí ọ̀rá tí ẹ fi ń gbé búrẹ́dì lọ sílé o. Èyí tó tóbi jù ni wọ́n ń fi sísàlẹ̀, wọ́n á to àwọn yòókù lé e títí ẹrù náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹni tó rù ú, wọ́n á wá fi okùn hun àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká. Ẹni tó bá rù ú ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn. Bí eṣinṣin bá bà lé e nímú, kó yáa mú eṣinṣin náà lọ́rẹ̀ẹ́ títí wọ́n á fi jọ dé ọjà. Bó bá sì débẹ̀, òun nìkan ò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ gbà á lórí rẹ̀, kó fi àyà gbé e, kó sì rọra kúnlẹ̀ títí ìdí ẹrù náà á fi kan ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yẹn sápò ná. Màá padà bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀ láti Gbérókè dé ọjà, gbogbo ìlú ló sì ń yẹ ẹ́. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, adúgbò kọ̀ọ̀kan á jáde pẹ̀lú àdá àti ọkọ́, wọ́n á pín ọ̀nà náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, wọ́n á yẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé tòun ni, àfi ẹni tí ọlá bá ń wọ̀ lójú.

Ọlá ń wọ Abíọ́nà lójú.

Ní ìdajì ọ̀nà náà, àpáta ńlá méjì dojú kọ ara wọn bí orogún tó ń jà, àlàfo àárín wọn ò sì gbà ju èèyàn kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu-Àpáta ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni Abíọ́nà kọ́ ilé sí. Ó ní oko, ó ní abà, ó ní ohùn, ohùn yẹn ló sì pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tó ní. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí sójú ọ̀nà là ń sọ ní Abíọ́nà. Àwọn mìíràn ń jẹ́ ẹ, wọ́n sì ń lọ jẹ́jẹ́ wọn. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀. Ó gbé orúkọ náà dé bí adé.

"Orí ọ̀nà yìí ni wọ́n bí mi sí," ló máa ń wí fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. "Ẹni tí wọ́n bí sínú ilé, òun ló nilé. Ẹni tí wọ́n bí sójú ọ̀nà wá ńkọ́?"

Yèyé Àyọ̀ká, ìyá rẹ̀, á wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Ẹsẹ̀ ti ń dun màmá náà, kò dé ọjà láti ìgbà tí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ti ju agbára rẹ̀ lọ. Bó bá ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, á kàn rẹ́rìn-ín sínú, á bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Lọ́dún kan, ìlú yẹ ọ̀nà tán, ojú ọ̀nà mọ́ bí orí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, Abíọ́nà ti jí ṣáájú gbogbo èèyàn. Ó na okùn láti àpáta kan sí ìkejì, ó sì fi àálè kọ́ sáàárín rẹ̀: màrìwò, ṣàṣàrà ọwọ̀, ìkarahun ìgbín àti ṣùkù àgbàdo, ó dì wọ́n pọ̀ wọ́n ń fì dirodiro. Àwọn baba wa ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rù àálè. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, wọ́n gbà pé ayé ẹni náà á dà bíi ṣùkù tí wọ́n ti jẹ orí rẹ̀ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń yínmú yẹn, mo mọ̀ yín. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ débẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ti sáré padà sílé.

"Ta ló so èyí?" ni àwọn tó kọ́kọ́ dé bèèrè.

"Èmi ni," ni Abíọ́nà dáhùn látorí àpótí tó jókòó lé. "Mi ò gbowó o, mi ò sì gba iṣu. Ẹ sáà sọ ẹrù yín kalẹ̀. Kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ wí pé, 'Abíọ́nà ọlọ́nà, a tọrọ ọ̀nà.' Màá gbé okùn sókè, ẹ ó sì kọjá."

Wọ́n wo àálè, wọ́n wo ara wọn. Ẹni tó ru ẹ̀fọ́ mọ̀ pé oòrùn kì í dúró de ìjà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n tọrọ ọ̀nà tí àwọn fúnra wọn fi àdá yẹ.

Nígbà tó kan Àwẹ̀ró, ó dúró gbọn-in pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀ lórí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé okùn sókè fún mi."

"Kúnlẹ̀ ná."

"Pẹ̀lú ẹrù yìí lórí?"

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi nìkan ò lè sọ̀ ọ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ bá mi gbà á, màá sì kí yín bó ṣe yẹ kí n kí àgbà."

Abíọ́nà káwọ́ gbera. "Ọlọ́nà kì í bá èèyàn sọ ẹrù. Ṣé o ti rí ọba tó ń ṣẹ́gi rí?"

Ojú ibẹ̀ há, ẹrù wà lórí kálukú, kò sẹ́ni tó lè kọjá wá síwájú láti ràn án lọ́wọ́. Àwọn kan ti ń kùn lẹ́yìn pé, "Àwẹ̀ró, ṣe kíá, ọjà ń lọ." Àwẹ̀ró fara ti àpáta, ó rọra ń tẹ orúnkún. Ìkòkò òkè pátápátá fẹnu ko àpáta, okùn àwọ̀n já. Ohun tó tẹ̀ lé e, mi ò ní í sọ bó ṣe dún. Ẹ̀yin náà ti fọ́ àwo ìyá yín rí, ẹ mọ̀ ọ́n.

Abíọ́nà rẹ́rìn-ín. "Amọ̀ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, inú ilẹ̀ náà ló padà sí. Ó yá, kúnlẹ̀ kó o ṣà á."

Àwẹ̀ró wo àpàádì tó fọ́n kálẹ̀. Ó ká àwọ̀n rẹ̀ tó já, ó fi kọ́ èjìká, ó sì nà ró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo orúnkún mi yìí dáadáa. Ẹ ò tún ní í rí i nílẹ̀ mọ́."

Ó yíjú padà sókè.

Ilé Baálẹ̀ ló gbà lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Baálẹ̀ Gbérókè. Ó jẹ́jẹ́ débi pé bí adìyẹ bá wọlé rẹ̀, òun ló ń jáde fún un.

"Àálè ni, ọmọ mi," ni Baálẹ̀ wí. "Ta ló fẹ́ já a? Kúnlẹ̀, kó o máa lọ. Orúnkún kì í tán."

"Baálẹ̀, ọjà ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún làwọn ará ọ̀dàn ń wá ra ìkòkò aró àti ìkòkò ẹmu. Bí mi ò bá débẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn yìí ti run mí nìyẹn, mo sì ti pa iṣẹ́ ìyá mi rẹ́. Bí mo bá sì ní kí n kúnlẹ̀ ní Ẹnu-Àpáta, ìkòkò á tún fọ́."

"Ṣé o wá fẹ́ já àálè ni?"

"Ẹ gbà mí! Bó ṣe ń bà yín lẹ́rù náà ló ń bà mí. Mi ò ní í já a, mi ò ní í kọjá lábẹ́ rẹ̀, mi ò sì ní í kúnlẹ̀. Baálẹ̀, ṣé Abíọ́nà ló bí òkè yìí ni?"

Baálẹ̀ yọjú wo ìta ná. "Rárá," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni pé Abíọ́nà wà lábẹ́ ẹní. "Òkè ti wà kí wọ́n tó bí i."

"Ẹ ṣeun. Ìyẹn tó mi."

Ó wá Ṣíjúwadé ọdẹ lọ. Ọdẹ náà ní òun ní ọ̀nà tòun dáadáa, ó sì mú un wọgbó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé ibì kan tí òkè ti dà wálẹ̀ bí ògiri, Ṣíjúwadé jókòó, ó sì fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ náà máa bọ̀!" ló pariwo látìsàlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá ọdẹ, ìkòkò mi ní ìdí lóòótọ́," ni Àwẹ̀ró dáhùn, "àmọ́ kì í fi í wọ́lẹ̀."

Ó rí i pé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ọdẹ là ò lè gba orí oníkòkò. Ó padà sílé, ó bu omi kún ìkòkò pẹlẹbẹ kan dé etí, ó gbé e ka orí, ó sì mú àdá. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ síbì kan tí omi dà sí i lójú, á padà sẹ́yìn. Á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, títí á fi rí ibi tí omi gbà láti dákẹ́. Ibẹ̀ ló ń fi àdá là. Omi ló ń fọ̀nà hàn án, òun kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà rẹ̀ fi ń yí, tó ń ṣẹ́rí padà, tó ń wọ́ lọ lára òkè láìkánjú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ ń fi í já wálẹ̀ fìrìfìrì, tí ẹ ń pariwo pé eré ìdárayá ni, irú ọ̀nà oníkọ́rọkọ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ kúkú fẹ́ràn jù. Ẹ máa rántí kí ẹni tó fi orí ru omi kẹ́ ẹ tó gun nǹkan yín.

Àwọn ará ìlú wá wò ó, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àwẹ̀ró, ejò ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ àbí kí ni?"

"Òun ni. Ó ní Abíọ́nà ní kóun kúnlẹ̀, òun ò sì ní orúnkún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó rẹ́rìn-ín jù ló kọ́kọ́ gbé àdá dé. Ohun ìtìjú ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín yẹn ló kàn tú u síta. Ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, tí ọmọ rẹ̀ ń wò ó, kò nílò kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ kó tó lu igbó.

Wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀nà yíyẹ, adúgbò kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Àwọn oníṣu ní àwọn ò ní sùúrù ejò, pé iṣu kì í fọ́, wọ́n là tiwọn tààrà. Àwọn arúgbó ní kí wọ́n fi òkúta ìsinmi sí tàwọn, kí wọ́n sì fi síbi tí èèyàn á ti máa rí ọjà lókèèrè, kí ọ̀rọ̀ má báa tán lẹ́nu. Níbi tí ọ̀nà bá ti pàdé ọ̀nà, Àwẹ̀ró ri àpàádì mọ́lẹ̀. Ẹyọ kan, ọ̀nà ìkòkò nìyẹn. Méjì, ti oníṣu. Mẹ́ta, ti arúgbó. Ọ̀nà já sí ọ̀nà, wọ́n so kọ́ra wọn, òkè Gbérókè sì wá dà bí ẹrù ìkòkò tí wọ́n hun àwọ̀n yí ká.

Abíọ́nà jókòó ní Ẹnu-Àpáta lọ́jọ́ ọjà, kò rí ju ewúrẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gbọ́ ohùn èèyàn lókè, ó gbọ́ ẹ̀rín nínú igbó. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó sáré lọ fi àálè kọ́ sí ọ̀nà ìkòkò. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n kí àálè náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n la òmíràn. Ó kọ́ àálè sí ti oníṣu, wọ́n tún yà. Ó kọ́ síbí, wọ́n gba ọ̀hún. Àálè ò ṣe é ṣe láìsí ọwọ̀, Abíọ́nà sì ti kó gbogbo ọwọ̀ ilé rẹ̀ tán, àtèyí tó gbó àtèyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ìyàwó rẹ̀ wá ń fi ewé gbálẹ̀.

Obìnrin náà lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Màmá, ẹ bá mi bi ọmọ yín o. Ó ti kó ọwọ̀ ilé lọ kọ́ sórí igi. Ṣé igbó ló fẹ́ gbá ni?"

"Kí ló ń fi ọwọ̀ ṣe lórí igi?" ni Yèyé Àyọ̀ká bèèrè.

Ìyàwó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí okùn dórí ìkúnlẹ̀, dórí ìkòkò tó fọ́. Màmá dá ẹ̀gúsí bíbó dúró. Lọ́jọ́ náà, kò rẹ́rìn-ín.

Ọjà ìkórè wá pé. Àwọn ará ọ̀dàn ti dé sísàlẹ̀, èéfín àkàrà ń rú gòkè. Gbérókè sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti gbogbo ara òkè bí èèrà tó rí oyin. Lókè ọjà díẹ̀, gbogbo ọ̀nà tuntun yẹn pàdé lábẹ́ igi ayùnré ńlá kan. Ibẹ̀ ni Abíọ́nà sáré gbà lọ. Ọwọ̀ ti tán nílé rẹ̀, àálè ò sí mọ́, ló bá fi ara rẹ̀ ṣe àálè. Ó na apá méjèèjì, ó ya ẹsẹ̀, ó dí ojú ọ̀nà.

Àwẹ̀ró ló ṣíwájú. Ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ wà lórí rẹ̀, ó ga sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀ka ayùnré.

"Ìwọ obìnrin yìí, kúnlẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ fún yín lọ́jọ́sí."

"O ò ní í kọjá! Èmi ni ọlọ́nà. Orí ọ̀nà ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba inú igbó bí ẹranko, ta ló bí yín síbí?"

"Ẹ dúró síbẹ̀ nígbà náà," ni Àwẹ̀ró wí. Kò pariwo. Ẹni tó ru ìkòkò kì í pariwo. "Èmi náà á dúró. Ọrùn mi ti mọ ẹrù yìí láti kékeré. Apá yín ńkọ́, ta ló kọ́ wọn ní nínà?"

Ẹ̀rín bú. Wọ́n dúró lóòótọ́. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó padà. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wà láàárín wọn, ó fẹ́ fara pamọ́ sẹ́yìn oníṣu kan, ó rò ó wò, ó sì jáde síta gbangba, ó dúró ti Àwẹ̀ró. Apá Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á nà á, á tún wálẹ̀.

Wọ́n ń wo ara wọn báyìí nígbà tí wọ́n gbọ́ igi ìtìlẹ̀ tó ń kan òkúta, kọ́, kọ́, kọ́. Yèyé Àyọ̀ká ló ń bọ̀ ní ọ̀nà ìkòkò, Ṣíjúwadé ọdẹ di apá rẹ̀ kan mú. Màmá tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, ọ̀nà tí omi là ti gbé e dé ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Abíọ́nà, yà fún mi."

"Màmá! Kí lẹ wá ń ṣe nínú igbó?"

"Mo wá wo ibi tí mo bí ọ sí."

Abíọ́nà na ọwọ́ sí apá Ẹnu-Àpáta. "Ọ̀hún lọ̀nà wà, màmá."

"Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀hún ni?" Màmá fi ọ̀pá kan gbòǹgbò ayùnré. "Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òjò rọ̀ mọ́jú, àgbàrá kún Ẹnu-Àpáta dé àyà. Èmi àti ìyá Àwẹ̀ró la jọ ń lọ sọ́jà. Ó ní kí á padà. Mo ní mi ò padà, ẹja ló ń wù mí jẹ, oyún rẹ ló ń fà á. La bá gba inú igbó yìí. Abẹ́ igi yìí lo ti ní o fẹ́ jáde. Ìyá Àwẹ̀ró ló gbẹ̀bí rẹ. Ìkòkò kan ṣoṣo tí kò fọ́ nígbà tó ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ló fi di olóbi rẹ tó tẹ̀ lé ọ wálẹ̀, ó sì sin ín síbi tí o fi ẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn."

Abíọ́nà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan kúrò nílẹ̀, kò mọ ibi tó fẹ́ gbé e sí.

"Ẹ̀yin sì ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ láti ọjọ́ yìí, màmá. Ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Mo rò pé o kàn ń fọ́nnu ni. Fífọ́nnu ò pa èèyàn. Mi ò mọ̀ pé o ti fi ń fọ́ ìkòkò ọmọ ẹni tó gbẹ̀bí rẹ." Màmá tún fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Bó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà, ọmọ mi, inú àgbàrá ni ǹ bá bí ọ sí, à bá sì máa pè ọ́ ní Abíódò, bó o bá yè."

Ẹnìkan kọ́kọ́ wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo òkè wá bú.

Abíọ́nà yà. Àwẹ̀ró gba iwájú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọrùn gbọn-in, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ru ìkòkò dé ọjà, ẹ rántí pé òun nìkan ò lè sọ̀ ọ́. Yèyé Àyọ̀ká tẹ̀ lé e dé ọjà, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ọmọ rẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn.

Ọkùnrin náà bọ́ síwájú. Ó gba ẹrù náà lórí Àwẹ̀ró, ó fi àyà gbé e, òógùn sì ń já bọ́ lójú rẹ̀. Ó yá, ẹ mú ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sápò jáde. Láàárín ọjà, níṣojú ará òkè àti ará ọ̀dàn, Abíọ́nà ọlọ́nà rọra tẹ orúnkún kan, ó tẹ ìkejì, ó kúnlẹ̀ ràn-ìn níwájú Àwẹ̀ró, ìdí ìkòkò sì kan ilẹ̀. Kò sí èyí tó fọ́.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ dìde. Mi ò ní í ní kẹ́ ẹ tọrọ ọ̀nà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Abíọ́nà lọ tú àálè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó ọwọ̀ padà fún ìyàwó rẹ̀, kò sì dé oríta kan tí àpàádì Àwẹ̀ró ò ti ń wò ó. Àwọn ọ̀nà náà ò dí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tààrà gba tààrà, ẹni tó bá fẹ́ wọ́ bí ejò wọ́ bí ejò, gbogbo wọn sì ń pàdé nídìí ọjà. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dúró sáàárín àlàfo kan, tó na apá, tó ní àfi kí ayé gba abẹ́ òun kọjá, àwọn àgbà kì í bá a jà, wọ́n á kàn tún ẹrù wọn gbé, wọ́n á sì sọ fún un pé, ọ̀nà kan ò wọ ọjà.